Rélùwéè Tí Jákàńdè Fẹ́ Ṣe

Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan ni a mú wá lóṣù yìí: Alhaji Lateef Káyọ̀dé Jákàńdè, tí ó jẹ gómìnà ìpínlẹ̀ Èkó láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979 títí di ọjọ́ tí ó kẹ́yìn ọdún 1983. Ẹnìkan lè wí pé, kí ló kan àwa tí a ń gbé ìhín nínú gómìnà Èkó tí ó ti fi ayé sílẹ̀? Ó kàn wá. Kí olúwarẹ̀ ní sùúrù, kí ó kà á dé ìsàlẹ̀.

Lákọ̀ọ́kọ́ ná, ọmọ àtìpó ni. Ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, ní Erékùṣù Èkó, ni wọ́n bí i sí ní 1929, ṣùgbọ́n ará Òmù-Àrán ni bàbá rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin Ìgbómìnà tí ẹ wà láàárín wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé èyí, ẹ sì jàre. Abẹ́ Ìjọba Àríwá ni Òmù-Àrán wà títí wọ́n fi pín ilẹ̀ yìí sí ìpínlẹ̀ ní 1967. Ọmọ ará Àríwá tí ń gbé Èkó ni Jákàńdè nígbà èwe rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ tiwa ti jẹ́ ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kano. Ó tilẹ̀ lọ sí ilé-ìwé ní Port Harcourt nígbà tí ó kéré, kí ó tó padà wá sí King's College ní Èkó, àti Ilesa Grammar School lẹ́yìn náà. A sọ èyí nítorí àwọn òbí kan tí wọ́n ń wí fún ọmọ wọn pé ẹni tí kì í ṣe ọmọ onílẹ̀ kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ ètò ìlú tí ó ń gbé. Ọmọ àtìpó yìí ni ó tún Èkó tò.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni ó fi jẹun kí ó tó dé ipò. Ó bẹ̀rẹ̀ ní Daily Service ní 1949, ó bọ́ sí Nigerian Tribune ní 1953, ó sì di ọ̀gá olóòtú níbẹ̀ ní 1956. Nígbà tí ìjọba gbé Olóyè Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ lórí ẹ̀sùn ìdìtẹ̀, Jákàńdè wà nínú wọn. Wọ́n dá a lẹ́bi ní 1963, ó sì wà lẹ́wọ̀n títí di 1966. Ẹni tí ó ti gbọ́ ẹjọ́ àwọn ará ìlú ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ẹni tí ó tún ní láti fi ibi tí ìyà ìlú gbé wà hàn án.

Èkó tí ó bá lórí oyè, àwọn àgbà oníṣòwò wa mọ̀ ọ́n dáadáa. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú, gbogbo ènìyàn ń ra mọ́tò, ọ̀nà kò sì fẹ̀ sí i. Ẹni tí ó bá rélùwéè Kano sọ̀kalẹ̀ ní Ìddó láàárọ̀, tí ó ń lọ ra aṣọ ní Ìdúmọ̀tà, bí ó bá gbé ẹrù rẹ̀ lé èjìká tí ó fi ẹsẹ̀ rìn kọjá Afárá Carter, yóò ti ná ọjà tán kí ẹni tí ó wọ mọ́tò tó dé. Ní 1977 ìjọba ológun ṣòfin pé kí àwọn mọ́tò máa jáde ní ọjọ́ọjọ́, kí àwọn tí nọ́ńbà wọn pín sí méjì dọ́gba jáde ní ọjọ́ tiwọn, kí àwọn tí kò pín dọ́gba sì jáde ní ọjọ́ kejì. Kí ni àwọn olówó ṣe? Wọ́n ra mọ́tò kejì. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà kò lọ síbì kankan.

Jákàńdè kò bá mọ́tò jà. Ohun tí ó rí ni pé bí ènìyàn bá ń gbé ibi tí ó jìnnà sí iṣẹ́ rẹ̀, tí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ jìnnà sí ilé, tí kò sì sí ọkọ̀ tí ó lè gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́ẹ̀kan, kò sí òfin ọlọ́pàá tí yóò tú ọ̀nà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí ó fi mú gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ètò ìlú ńlá Èkó tí a ṣe ní àkókò náà, láti 1980 títí dé 2000 ni wọ́n wò. Ogún ọdún! Gómìnà tí ó mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni òun ní lọ́wọ́.

Ẹ wo àwọn ilé-ìwé. Nígbà tí ó dé, àwọn ọmọ Èkó ń pín ọjọ́ lò, àwọn kan láàárọ̀, àwọn kan lọ́sàn-án, nítorí pé yàrá kò tó. Ó kọ́ yàrá sí i, ó sì fi òpin sí pínpín ọjọ́ ní 1980. Àwọn yàrá náà kò lẹ́wà, a kò ní purọ́; àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ ń pè wọ́n ní ilé adìẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó jókòó sínú ilé adìẹ láti aago mẹ́jọ kàwé ju ọmọ tí ó ń kiri ọjà títí di aago kan, kí ó tó lọ fi oorun kàwé lọ́sàn-án. Ó kọ́ ilé tí owó òṣìṣẹ́ lè ká sí Ìsọlọ̀, Abẹ́sàn, Àmùwò-Ọ̀dọ̀fin àti àwọn ibòmíràn, orúkọ rẹ̀ sì ni àwọn awakọ̀ fi ń pe ọ̀pọ̀ nínú wọn títí di òní. Ní ìgbà rẹ̀ ni wọ́n la ọ̀nà Lẹ́kkí sí Ẹ̀pẹ́, nínú igbó àti yanrìn, tí àwọn kan ń bèèrè ta ni yóò gba ibẹ̀. Kí wọ́n lọ bèèrè iye tí a ń ta ilẹ̀ níbẹ̀ lónìí. Ó kọ́ ọ́fíìsì ìjọba sí Aláùsá, ó dá yunifásítì ìpínlẹ̀ sílẹ̀ ní 1983, ó sì ra ọkọ̀ ojú omi méjì, Baba Kékeré àti Ìtafàájì, kí àwọn ènìyàn lè máa gba orí ọ̀sà lọ sí ibi iṣẹ́. Òun fúnra rẹ̀ kò kó lọ sí ilé ìjọba. Ilé rẹ̀ ní Ìlúpéjú ni ó ń gbé, mọ́tò tirẹ̀ ni ó sì ń gùn. Àwọn olóyè ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bèèrè owó ọkọ̀ láti Sábọ̀n Gàrí dé Sábọ̀n Gàrí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Gbogbo èyí kò tó rélùwéè. Metroline ni wọ́n pè é. Kì í ṣe irú rélùwéè tí ó gbé àwọn bàbá wa wá sí Kano, èyí tí ń ti ìlú kan dé òmíràn. Inú Èkó nìkan ni yóò ti máa rìn, láti Erékùṣù lọ sí orí ilẹ̀, lójú ọ̀nà tirẹ̀ tí mọ́tò kan kò ní dí mọ́ ọn, tí yóò máa kó ogunlọ́gọ̀ òṣìṣẹ́ lọ láàárọ̀, tí yóò sì kó wọn padà nírọ̀lẹ́. Ìjọba rẹ̀ bá Interinfra, àkójọ àwọn ilé-iṣẹ́ Faransé, tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Owó ti jáde lọ́wọ́ ìpínlẹ̀.

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kejìlá 1983 àwọn ológun gba ìjọba. Wọ́n kó àwọn gómìnà sí àtìmọ́lé, Jákàńdè pẹ̀lú wọn. Ní 1985 ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé Metroline. Iye tí a máa ń gbọ́ pé àwọn ará Èkó pàdánù lórí rẹ̀ ju mílíọ̀nù 78 dọ́là lọ, láìsí irin kan ṣoṣo tí wọ́n lè fi ọwọ́ kàn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ọjà wa wò ó, nítorí èdè tí a gbọ́ nìyẹn. Bí mo bá lọ bá oníṣòwò ńlá kan ní Èkó, tí mo san àsansílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ìdì aṣọ, tí mo dé ilé tí mo wí pé n kò gbà á mọ́ nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi ni ó bá mi dá ọjà náà, èmi kò sì fẹ́ràn ẹ̀gbọ́n mi, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Àsansílẹ̀ lọ. Aṣọ kò dé. Àwọn oníbàárà mi lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ní ọjọ́ tí mo bá sì padà lọ fẹ́ ra aṣọ kan náà, iye tí mo bá níbẹ̀ kì í ṣe iye àná. Ní 1985, náírà kan ṣì níye lórí ju dọ́là kan lọ. Nígbà tí wọ́n ṣí rélùwéè Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, dọ́là kan ti ju 400 náírà lọ ní báńkì. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń ra ọjà òkèèrè nínú wa yóò mọ bí ìyẹn ti rí.

A kò kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ọ̀gágun Buhari ti kú ní 2025, kí Ọlọ́run dárí jì í, ọ̀pọ̀ àwọn tí a jọ ń gbé ní ìlú yìí ni ó sì fẹ́ràn rẹ̀ tọkàntọkàn. A tún gbọdọ̀ sọ òtítọ́ pé owó epo ti já lulẹ̀ nígbà náà, ìlú jẹ gbèsè, àwọn ènìyàn ń tò lórí ìlà kí wọ́n tó rí mílíìkì àti ọṣẹ rà. Ẹni tí kò lówó lè wí pé kí iṣẹ́ dúró ná. Ṣùgbọ́n kí iṣẹ́ dúró ná yàtọ̀ sí kí á fagi lé e. Bí wọ́n bá ti dì í mú kí ó sùn fún ọdún díẹ̀, tí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ pamọ́, tí wọ́n dá ojú ọ̀nà rẹ̀ sí kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé lé e, ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn ì bá rí ohun tí yóò dì mú.

Ìyókù ìtàn náà, ẹ mọ̀ ọ́n. Èkó padà sọ́wọ́ mólùè àti dáńfó. Nígbà tí ìjọba alágbádá tún dé ní 1999, Bọ́lá Tinúbú di gómìnà. Ní 2002 wọ́n fi òfin dá LAMATA sílẹ̀, ọ́fíìsì tí ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ní Èkó. Ní oṣù kẹta 2008, ní ìgbà Babátúndé Fáṣọlá, àwọn bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 lọ sí CMS lójú ọ̀nà tí a yà sọ́tọ̀ fún wọn. Ní 2010 wọ́n bẹ̀rẹ̀ rélùwéè tí à ń pè ní Blue Line. Gómìnà Fáṣọlá lọ, Ambọ̀dé dé. Ambọ̀dé lọ, Sanwó-Olú dé. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kìíní 2023 ni wọ́n ṣí i, láti Marina dé Mile 2, kìlómítà 13, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ọdún 13 fún kìlómítà 13. Ta ni ó wá ṣí i? Ààrẹ Muhammadu Buhari, ẹni tí ìjọba rẹ̀ fagi lé ti àkọ́kọ́ ní ọdún 38 ṣáájú. Àwọn kan fi í ṣe ẹ̀rín. Ní tiwa, a rò pé ó sàn kí ó wá ṣí i ju kí ó má wá lọ. Red Line, láti Àgbádó dé Òyìngbò, ni Ààrẹ Tinúbú ṣí ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kejì 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà.

Jákàńdè kò rí èyíkéyìí nínú wọn tí ó ń kó èrò. Ó kú ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì 2021, ní ẹni ọdún 91.

Kí a má ṣe sọ ọ́ di ẹni tí kò ní àléébù. Nígbà tí Ọ̀gágun Abacha gba ìjọba ní 1993, Jákàńdè gbà láti jẹ́ mínísítà Iṣẹ́ àti Ilé Gbígbé, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1995, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é pé kí ó jáde wá. Ó wí pé òun fẹ́ kọ́ ilé fún àwọn mẹ̀kúnnù. Ọ̀pọ̀ Yorùbá kò dárí ìyẹn jì í fún ìgbà pípẹ́, àwa náà kò sì rò pé ó ṣe é re. Ẹni tí ìjọba ológun fi ọwọ́ gba iṣẹ́ rẹ̀, ì bá ti mọ̀ pé ilé tí ó bá kọ́ lábẹ́ ológun, ológun mìíràn ni yóò pinnu bí yóò ti parí sí.

Ohun kan ṣì wà tí ó ń dà wá láàmú nínú ìtàn yìí. Àwọn gómìnà mẹ́rin tí wọ́n jọ gbé rélùwéè Èkó dé òpin, ilé òṣèlú kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Ǹjẹ́ kì í ṣe nítorí èyí ni wọ́n fi lè máa bá iṣẹ́ ara wọn lọ? Bí ẹgbẹ́ òṣèlú mìíràn bá ti wọlé láàárín, ṣé kìlómítà 13 náà yóò tíì parí? A kò lè fi ọwọ́ sọ̀yà. Abẹ́ òṣèlú kan náà pàápàá kì í ṣe ìdánilójú: rélùwéè inú ìlú Abuja tí wọ́n ṣí ní oṣù keje 2018, ó dúró ní 2020 nígbà àrùn kòrónà, kò sì tún rìn títí di oṣù karùn-ún 2024. Àwọn ọmọ wa tí ń ṣiṣẹ́ ní Abuja rí irin náà lójoojúmọ́ tí koríko ń hù láàárín rẹ̀, wọ́n sì ń san owó ọkọ̀ fún oníṣòwò ọkọ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a dé ilé wa.

Gbogbo wa mọ ilẹ̀ ẹgbẹ́. Àwọn olóyè tí wọ́n wà lórí ipò ṣáájú àwọn ti ìsinsìnyí ni wọ́n rà á, tí wọ́n sì ya àwòrán ilé sí i: gbọ̀ngàn ìpàdé nísàlẹ̀, yàrá mẹ́rin lókè fún ẹni tí ọkọ̀ bá já sílẹ̀ lóru àti fún ọmọ tuntun tí ó ti ilé dé tí kò tíì ríbi sùn, àti yàrá kan tí àwọn ọmọ wa yóò ti máa kọ́ bí a ti ń kọ Yorùbá sílẹ̀, kí wọ́n lè máa kọ lẹ́tà sí ìyá àgbà wọn. Wọ́n gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé. Wọ́n fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀. Ìdìbò dé, ipò yí padà, láti ìgbà náà ni ewúrẹ́ ti ń sùn lórí ìpìlẹ̀ wa.

Ní ìpàdé tí ó kọjá, àwọn kan dábàá pé kí a ta ilẹ̀ náà, kí a fi owó rẹ̀ ra bọ́ọ̀sì tí yóò máa gbé wa lọ sí ilé lọ́dún. Bọ́ọ̀sì kò burú. Ojú ọ̀nà kò dára, àwọn oníbọ́ọ̀sì ń gbówó lé wa lórí ní oṣù kejìlá, ó sì yẹ kí a sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a gbọ́ nígbà tí a béèrè àléébù ilé náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì. Ẹnìkan wí gbangba pé, "Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ẹ ni kó wá parí ẹ." Àwọn kan sì pàtẹ́wọ́ fún un.

Ta ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀? Ìwé ìṣirò owó wà lọ́wọ́ mi, èmi akọ̀wé. Àwọn ìyá ẹgbẹ́ ni wọ́n dá èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà, díẹ̀díẹ̀, láti ara gàrí, ata àti ẹ̀wà. Orúkọ wọn wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mélòó kan nínú wọn ti kú. Ẹni tí ó bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ wa, owó ilẹ̀ nìkan ni yóò san; kò ní san owó sìmẹ́ǹtì tí ó wà nínú ìpìlẹ̀, bóyá ni kò sì ní wí pé kí a dín in kù nítorí òun yóò ní láti hú u. Ìwé àṣẹ ìkọ́lé kò sì lè tẹ̀lé wa lọ sí ilẹ̀ mìíràn. Iye tí a ra àpò sìmẹ́ǹtì kan nígbà náà, ẹ lè bá mi kà á nínú ìwé, kí ẹ sì lọ bèèrè ti òwúrọ̀ yìí ní ọjà.

A ní ọ̀rọ̀ fún àwọn olóyè àná pẹ̀lú. Ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ náà ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú yín, a ti bèèrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí wọ́n parí iṣẹ́ òun kì í jókòó lé ìwé iṣẹ́ náà. Àwọn olóyè ti ìsinsìnyí ní ẹ̀tọ́ láti wí pé àwọn kò lè kọ́ ilé tí àwọn kò ní ìwé rẹ̀. Bí yàrá mẹ́rin bá pọ̀ jù fún àpò wa, kí a kọ́ gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ná, kí a kan òrùlé lé e, kí a fi irin sílẹ̀ fún òkè. Bí àwọn ti ìsinsìnyí bá fẹ́ fi orúkọ tiwọn kọ sí ara ògiri, kí wọ́n kọ ọ́, ìwé yìí kò ní bá wọn jà.

Ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù yìí, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni a ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ náà. Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò ní ìbò, gẹ́gẹ́ bí òfin ẹgbẹ́ ti wí, ẹni tí ó bá sì jẹ owó oṣù mẹ́ta lè san án ní ẹnu ọ̀nà. Àwòrán ilé náà wà lára ògiri ní ìsọ̀ akọ̀wé. Ẹnikẹ́ni lè wá wò ó lójoojúmọ́ láti aago mẹ́jọ, àyàfi ọjọ́ Jímọ̀ọ̀ láàárín aago méjìlá sí aago mẹ́ta.